Ìjọba àti Ìtọ́jú Arúgbó: Bí Òfin Ṣe Kan Òkè-Ṣopẹ́n

Àwọn baba wa a máa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe ni a ń pè é lónìí. Láyé àtijọ́, òfin ni, agbo ilé ni ó sì ń mú un ṣẹ. Ní Òkè-Ṣopẹ́n, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó parapọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, kò wọ́pọ̀ kí arúgbó dá gbé. Ọmọ wà nítòsí, oko kò jìnnà, aya ọmọ ni ó sì ń gbé oúnjẹ wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìjọba ti yí ètò yìí padà, kì í ṣe nípa òfin tí ó ṣe fún arúgbó, bí kò ṣe nípa èyí tí ó ṣe fún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Nílé tiwọn, láti January 1909 ni wọ́n ti ń san ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ fún tálákà tí ó bá ti pé 70 ọdún. Ní 1948, òfin mìíràn pàṣẹ pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn pèsè ibùgbé fún ẹni tí ogbó tàbí àìlera bá sọ di ẹni à ń tọ́jú. Ìjọba kan náà ni ó ń ṣàkóso wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n òfin owó ìfẹ̀yìntì tí ó ṣe fún Nàìjíríà ní 1951, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àgbẹ̀ kòkó, agégẹdú àti ìyá aláta kò sí nínú rẹ̀. A fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ náà lọ. Ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì jẹ èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kàwé kì í sábà padà sí oko kòkó. Èkó àti Ìbàdàn ni iṣẹ́ wà, òmíràn tilẹ̀ kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Òkété dàgbà tán, ọmọ rẹ̀ wà lájò. Owó ni ọmọ ń fi ránṣẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń wẹ ìyá, tí ó ń fún un ní oògùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Ìjọba kò ṣàì mọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, àti ti 1999 lẹ́yìn rẹ̀, ka ìtọ́jú arúgbó mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ lépa láti pèsè fún gbogbo ènìyàn. Abala 16 ni ó wà. Ṣùgbọ́n abala 6 nínú ìwé kan náà kò jẹ́ kí kóòtù gbọ́ ẹjọ́ lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí abala kan ṣí, abala kejì ni ó tì í.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí hàn ní Èkìtì. Ní 2011, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn aláìní tí ó ti pé 65 ọdún. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà sì dáwọ́ dúró. Ohun tí ó jẹ́ àánú lọ́wọ́ gómìnà kan kì í ṣe ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ èkejì.

Àwọn kan ń jiyàn pé ilé ìtọ́jú arúgbó jẹ́ àbùkù fún ọmọ Yorùbá. Lójú tèmi, àríyànjiyàn náà ti pẹ́ jù, nítorí pé ọwọ́ àlejò tí a ń sanwó fún ni ọ̀pọ̀ arúgbó wa wà ná, nínú ilé ara wọn. Ìbéèrè tí ó kù ni ta ni yóò kọ́ àlejò náà níṣẹ́, ta ni yóò máa bẹ arúgbó náà wò, ta ni yóò sì sanwó fún ẹni tí kò bímọ. Ìjọba tí ó fi ẹ̀kọ́ rán ọmọ kúrò nílé ni ó yẹ kí ó dáhùn, kí ó sì fi ìdáhùn náà sínú òfin tí arúgbó lè gbé lọ sí kóòtù.