Iṣẹ́ Ló Bí Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga òde òní, ẹ̀kọ́ kan wà tí ó máa ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù. Apá kìíní rẹ̀ ni bí a ṣe ń to ìsọfúnni jọ sínú kọ̀ǹpútà. Apá kejì ni bí a ṣe ń pín iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí kíláàsì-kíláàsì. Ẹlòmíràn a há gbogbo orúkọ inú ìwé sórí bí odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìṣòro tuntun ka iwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Kí ló fà á? Ó mọ orúkọ, kò mọ iṣẹ́ tí ó bí orúkọ náà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Ẹ kọ́kọ́ ro ti abọ́. Nígbà tí ìyá bá fọ abọ́ tán, tí ó tò ó léra, èyí tí ó gbé lé e kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ mú. Irú ìtò yìí ni wọ́n ń pè ní stack. Ní ọdún 1957, Friedrich Bauer àti Klaus Samelson, onímọ̀ ìṣirò méjì ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé sí ìjọba láti gba ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìṣirò alákàámọ́ ló wà níwájú wọn. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe 2 × (3 + 4), kò lè fọwọ́ kan ìsọdipúpọ̀ náà títí yóò fi mọ ohun tí ó wà nínú àkámọ́. Nítorí náà a fi 2 sí ìsàlẹ̀ ná, a ṣe ti inú, ó di 7. A wá padà mú 2, ó di 14.

Ní nǹkan bí àkókò kan náà ní Amẹ́ríkà, Allen Newell, Cliff Shaw àti Herbert Simon ń wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè ronú lórí ìṣòro. Wọn kò lè mọ̀ ṣáájú iye nǹkan tí yóò jẹ yọ, kí wọ́n lè ya àyè sílẹ̀ fún un. Wọ́n bá ṣe é bí ẹni tí ń béèrè ọ̀nà: ilé kìíní tọ́ka sí èkejì, èkejì tọ́ka sí ẹ̀kẹta. Bí ilé tuntun bá dé sáàárín, a kò ní wó ilé kankan. Ìtọ́ka nìkan ni a ó yí padà.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Nọ́ọ̀wè ni ìtàn náà ti dùn jù. Ní Oslo, láàárín ọdún 1960 sí 1969, Kristen Nygaard àti Ole-Johan Dahl ń ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Simula, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣe àfarawé iṣẹ́ ayé. Ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ wọn ni afárá tí a ti ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Káà, lọ́rì àti bọ́ọ̀sì tò sórí ìlà. Ẹ kíyè sí i pé ìlà yìí kò dà bí abọ́: ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Bí a bá lo ìtò abọ́ níbẹ̀, ẹni tó dé láàárọ̀ lè sùn síbẹ̀!

Gbogbo wọn ni ọkọ̀, gbogbo wọn ni ó ń dúró de àyè. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kó èrò, lọ́rì kó ẹrù. Ṣé a ó wá kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta ni? Rárá. A ó kọ kíláàsì kan fún ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì àti lọ́rì yóò jogún rẹ̀, oníkálukú yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Ogún yìí ni Simula 67 gbé jáde ní ọdún 1967.

Kò rọrùn fún wọn o. Ìtàn sọ pé òṣìṣẹ́ tuntun kan fi ìbẹ̀rù lọ bá ẹni tí ń dáhùn tẹlifóònù, pé àwọn ọkùnrin méjì ń jà níwájú pátákó ìkọ̀wé. Ẹni náà tẹ́tí díẹ̀, ó ní kí ó fọkàn balẹ̀: Dahl àti Nygaard ni, ọ̀rọ̀ Simula ni wọ́n ń sọ.

Láti ara iṣẹ́ wọn ni Smalltalk ti rí ìmọ̀ mú ní Amẹ́ríkà. Bjarne Stroustrup, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó di C++ ní ọdún 1979. Java sì dé ní ọdún 1995. Wọ́n fi ẹ̀bùn Turing ti ọdún 2001 dá Dahl àti Nygaard lọ́lá. Àwọn méjèèjì kú ní ọdún 2002.

Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, kí o tó kọ ìlà kan, bi ara rẹ léèrè: àwọn nǹkan wo ló wà nínú iṣẹ́ yìí? Ta ni yóò kọ́kọ́ jáde, ẹni tó dé ṣáájú ni tàbí ẹni tó dé kẹ́yìn? Kí ni wọ́n jọ ní, kí ni oníkálukú dá ní? Fi bírò yà á sórí ìwé, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, wá ẹnì kejì tí ẹ ó jọ jiyàn lé e lórí, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní ṣì orúkọ pè.