Òkè Ìdànrè

Òkè Ìdànrè ni àwọn òkè olókùúta ńláńlá tó yí ìlú Òdòdé ká ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Nàìjíríà. Òkúta gíránáìtì ni wọ́n. Orí wọn pá, igbó àti oko kòkó sì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó ṣí wá sí ìsàlẹ̀ ní 1923. Ààfin àtijọ́ Ọwá ti Ìdànrè ṣì wà níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni a ó gùn kí a tó dé e.

Òkè náà ni ilé ọ̀pọ̀lọ́ kan, Sclerophrys perreti, tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ojú àpáta tí omi ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé lórí ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ohun tó lé ní 40 ọdún ni àwọn onímọ̀ kò fi rí i, kí wọ́n tó tún rí i ní 2013.

Òkè Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2007 láti di ogún àgbáyé.