Bob Dunn (1908–1971)

Olórin ará Amẹ́ríkà ni Bob Dunn, Oklahoma ni wọ́n bí i sí. Steel guitar ni ohun èlò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń fi irin kékeré yọ̀ lórí okùn. Àwa tí etí wa ti mọ́ ti Demola Adepoju nínú jùjú King Sunny Adé kì í sábà dárúkọ Dunn, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí a dárúkọ rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1935, òun àti ẹgbẹ́ olórin Milton Brown láti Texas gba orin sílẹ̀ ní Chicago fún ilé-iṣẹ́ Decca. Nínú orin kọ́ńtìrì, Dunn ni wọ́n kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi steel guitar oníná gba orin sílẹ̀. Gìtá Martin lásán ni ó lò: ó gbé okùn rẹ̀ sókè, ó sì so ohun agbóhùn mọ́ ọn. Ó ti fọn trombone rí, ó fẹ́ràn jáàsì, ìyẹn ni kò fi fa ohùn gùn bí àwọn ará Hawaii tó ń ta steel guitar. Ẹ gbọ́ orin rẹ̀ “Taking Off”: ṣe ni okùn ń ké ṣàkà bí kàkàkí. Iṣẹ́ akin ni!

Jàǹbá ọkọ̀ ṣekú pa Brown ní 1936. Dunn bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣeré, lẹ́yìn náà ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Houston.