Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Òfin, Oògùn Olóró àti Àwọn Ọmọ Wa

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí nígbà tí ará ilé bá tú àṣírí ilé síta, tí ọ̀tá sì gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wo òwe náà, a ó rí i pé kò bá aláǹgbá wí rárá. Iṣẹ́ aláǹgbá ni kó máa wá ihò tí yóò wọ̀ sí. Tòjò tẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń rìn lára ògiri. Onílé ni òwe ń bá wí. Òun ló mọ ògiri, ojú rẹ̀ ni ògiri ṣe ń sán díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni amọ̀ tí a ó fi dí i wà. Iṣẹ́ méjì ni òwe yìí gbé lé onílé lọ́wọ́: kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ògiri, kó sì máa rẹ́ ẹ kó tó sán.

Ọ̀rọ̀ oògùn olóró ló mú mi ronú kan òwe yìí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn èèyàn pàtàkì láwùjọ wa ti ń sọ pé kí ìjọba dẹ okùn òfin, kí igbó di ọjà tí à ń tà ní gbangba, kí owó orí máa wọlé. Èrò tèmi ni pé a kò gbọ́dọ̀ dẹ òfin yìí, àti pé òfin nìkan kò tó. Òfin ni ògiri. Kíkọ́ ọmọ àti ṣíṣọ́ ọ kó tó dé ìdí oògùn ni rírẹ́ ògiri. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì dáàbò bo ilé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kó ìṣirò jọ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde lórí oògùn lílò ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún kan, èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3 nínú àwọn ẹni ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn òyìnbó lò. Ìyẹn jẹ́ 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti gbogbo ayé jẹ́ 5.6. Igbó nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 10.6 ló ń fà á. Nínú gbogbo ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orílẹ̀-èdè yìí, ti Gúúsù-Ìwọ̀ Oòrùn ló burú jù, 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Èkó jẹ́ 33, ti Ọ̀yọ́ jẹ́ 23. Nínú ẹni márùn-ún tó ń lo oògùn, ẹnì kan wà tí oògùn ti ń lo òun náà, tí kò lè fi í sílẹ̀ mọ́ láìsí ìtọ́jú. Ilé wa ni wọ́n ń ka iye rẹ̀ yìí, kì í ṣe ilé ẹlòmíràn.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kì í ní ariwo nínú. Ẹ wo ọmọ kọ̀ǹdọ́ kan ní gáréèjì. Ìdájí ló ti jí, ó sì ti ń fò mọ́ ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ara ń ro ó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ na tramadol kan, oògùn ara ríro, sí i pé kó fi omi gbé e mì, ara á le. Ara sì le lóòótọ́. Nígbà tó yá, ẹyọ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó di méjì, ó di èyí tí wọ́n ń pè ní 225, nígbà tó jẹ́ pé milígíráàmù 100 ni èyí tó lágbára jù tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ kan, gìrì á gbé e ṣubú lójú títì. Ní ẹ̀gbẹ́ gáréèjì yẹn kan náà, ìyá oníparagà ní ìgò kan tí wọ́n rẹ igbó sínú ògógóró rẹ̀, kì í sì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ibi àríyá, àwọn ọmọbìnrin náà ń po oògùn ikọ́ oníkodíìnì mọ́ ẹlẹ́rìndòdò; nínú ẹni mẹ́rin tó ń lo oògùn ní Nàìjíríà, obìnrin ni ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ oògùn ikọ́ yìí le débi pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó o wọlé àti ṣíṣe é.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Oògùn tí òfin gbà láyè fún aláìsàn ni tramadol àti kodíìnì. Tí ohun tó wà fún ìwòsàn, tó yẹ kó gba ọwọ́ dókítà kọjá, bá lè bọ́ sọ́wọ́ ọmọ gáréèjì báyìí, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tí òfin bá ní kí wọ́n máa tà fún fàájì?

Àwọn kan á ní igbó kò le tó bẹ́ẹ̀, pé ewé lásán ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn ọmọ ogun wa tó jagun fún Gẹ̀ẹ́sì ní Ìńdíà àti Bọ́mà ló kó irúgbìn rẹ̀ bọ̀ nílé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó fi máa di ọdún 1964, Dókítà Tolani Asuni, oníṣègùn ọpọlọ ní Árò, Abẹ́òkúta, ti ń kọ àpilẹ̀kọ nípa ìṣòro tí igbó ń dá sílẹ̀ lára àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún ìtọ́jú. Ìwádìí ti fi hàn láti ìgbà náà pé ọpọlọ èèyàn kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ẹni ọdún 25, àti pé ọ̀dọ́ tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ tó sì ń fà á lójoojúmọ́ wà nínú ewu àìsàn ọpọlọ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fà á ni orí rẹ̀ ń dàrú. Ṣùgbọ́n kò sí òbí tó lè mọ̀ bóyá ọmọ tirẹ̀ yóò wà lára àwọn tí orí wọn ń dàrú.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ìtàn kan sì wà níbẹ̀ tó kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Rotimi Akeredolu, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, pẹ̀lú alága àsìkò yẹn fún NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún ìwòsàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbin igbó jù lọ ní Nàìjíríà, ohun tí gómìnà náà sì ń wò ni pé kí owó rẹ̀ máa bọ́ sápò ìlú dípò àpò àwọn tó ń fara pamọ́ sínú ẹgàn. Èrò tó ń wá ire ìlú ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìtàn ibi tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ náà dé òpin.

Ní ìparí ọdún 2018, ìwòsàn nìkan ni ilé aṣòfin Thailand gba igbó láyè fún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ oògùn olóró, nígbà tí òfin tó yẹ kó máa darí títà rẹ̀ kò tíì jáde. Mínísítà ètò ìlera kéde pé ìjọba yóò pín mílíọ̀nù kan igi igbó fún àwọn onílé kí wọ́n gbìn ín. Kò pẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù fi kún ìgboro, tí wọ́n ń fi igbó ṣe suwíìtì àti bisikíìtì. Ohun tí wọ́n pè ní ìwòsàn di fàájì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Thailand fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra igbó mọ́ láìsí ìwé dókítà. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, wọ́n ṣí i, wọ́n sì tún ń wá ọ̀nà láti tì í.

Títì í ló wá ṣòro. Ọjà tí òfin bá ti ṣí, olówó rẹ̀ kò ní gbà kó tì. A kò ní láti lọ jìnnà ká tó rí ẹ̀rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ìjọba àti àwọn tó ń ṣe ọtí líle inú ọ̀rá fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n máa dín in kù títí yóò fi kúrò lọ́jà, nítorí pé àwọn ọmọ iléèwé ń fi owó oúnjẹ rà á, wọ́n sì ń fi í sápò aṣọ. Nígbà tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àdéhùn náà ṣẹ ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọtí tú jáde láti fẹ̀hónú hàn pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n tún sún un síwájú di ìparí ọdún 2025. Àwọn tó ń sọ pé “ṣebí ọtí àti sìgá wà lábẹ́ òfin” kò kíyè sí i pé ọtí àti sìgá gan-an ni ẹ̀rí tiwa. Nítorí pé òfin gbà wọ́n láyè ni wọ́n fi wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò, ìdí nìyẹn tí apá ìjọba kò fi ká wọn. Ẹni tí méjì ti wọ̀ lọ́rùn, kí ló ń fi ẹ̀kẹta ṣe?

Wọ́n tún máa ń fi Pọtogí ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn ni wọ́n ń sọ. Ní ọdún 2001, Pọtogí kò ṣí ọjà oògùn kankan. Ẹni tó bá ń tà á ṣì ń lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí wọ́n bá ká ìwọ̀n tí ènìyàn lè lò fún ọjọ́ mẹ́wàá mọ́ lọ́wọ́ kò ní lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n yóò fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ kan tí yóò tọ́ ọ sọ́nà ìtọ́jú. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2021. Wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n bá mú san dọ́là 100, tàbí kó tẹ aago kan láti béèrè ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó tẹ aago náà kò tó nǹkan, owó ìtọ́jú sì pẹ́ kó tó délẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni fentanyl, oògùn olóró kan tó ń tètè pani, wọ̀lú, nítorí náà n kò ní sọ pé òfin yẹn nìkan ló fa ikú tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn aṣòfin Oregon sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ padà.

N kò sọ pé ẹ̀wọ̀n àti ìbọn ló lè wo àrùn yìí o. A ti dán ìyẹn wò. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun gbé òfin jáde tó lè mú kí ẹni tó gbin igbó fi orí rẹ̀ san án. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta nítorí oògùn olóró. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ni àbọ̀ ìwádìí fi hàn pé ti Èkó jẹ́ 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń kó o wọlé àti ẹni tó ń tà á fún ọmọ ọlọ́mọ, kí òfin má ṣíjú kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oògùn ti dè mọ́lẹ̀, aláìsàn ni. Ilé ìtọ́jú ló yẹ kí òfin tì í lọ.

Ìdènà ló ṣe kókó jù, òun náà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í ṣe kí á kó ọlọ́pàá wá sí kíláàsì kó dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1983 lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní D.A.R.E., ìwádìí lórí ìwádìí sì fi hàn pé kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìwà àwọn ọmọ padà. Iceland ló rí i ṣe. Ní ọdún 1998, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 15 sí 16 níbẹ̀, 42 ló sọ pé ọtí pa àwọn ní oṣù tó kọjá, 23 ń mu sìgá lójoojúmọ́, 17 ti fa igbó rí. Nígbà tó di ọdún 2016, 42 ti di 5, 23 ti di 3, 17 ti di 7. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ti ọjà ọtí àti sìgá mọ́ ọmọdé, wọ́n sì fòfin de ìpolówó wọn. Wọ́n ṣòfin pé ọmọ ọdún 13 sí 16 kò gbọ́dọ̀ wà níta lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà òtútù. Ìjọba ń san lára owó tí ọmọ yóò fi kọ́ eré ìdárayá, orin tàbí ijó. Àwọn òbí sì fọwọ́ sí ìwé láàárín ara wọn pé àwọn yóò jọ máa mójú tó ọmọ ara wọn. Ẹ rí i pé òfin tó le àti ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n so pọ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa kò fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nìkan; ojú méjì ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ẹgbẹ́ onílé wà ní gbogbo àdúgbò. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wà ní gbogbo iléèwé, ẹgbẹ́ awakọ̀ wà ní gbogbo gáréèjì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kò sì wọ́n wa. Ohun tó kù ni kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin wa ní Àbújá àti ní ìpínlẹ̀, ẹ má ṣí ọjà tí ẹ kò ní lè tì. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi wá èrè igbó, ẹ fi kọ́ pápá ìṣeré, ẹ fi gba olùdámọ̀ràn sí iléèwé, ẹ fi ṣe ilé ìtọ́jú tí tálákà lè wọ̀. Ẹ̀yin alága gáréèjì, ẹ lé alágbàtà tramadol kúrò ní ọ̀dọ̀ yín. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin kẹ́mísìtì, ẹ má ta oògùn tó ń béèrè ìwé dókítà fún ẹni tí kò mú ìwé wá. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti bọ́ sínú rẹ̀, ẹ má fi ìtìjú pa á mọ́ sínú yàrá. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n wò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò sì tíì bọ́ sínú rẹ̀, ẹ béèrè lálẹ́ òní ibi tí ó wà, ẹni tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n jọ ń ṣe.