Ibà àti Ilẹ̀kùn Ọkàn: Ìtàn Àìsàn Kan tí Ń Sá Pamọ́ Sábẹ́ Ọ̀rọ̀

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn ọkàn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kékeré kan sì wà tí ó lè mú ẹ̀mí ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ibà.

Ọkàn ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kọjá padà sẹ́yìn. Nílẹ̀ wa, ohun tí ó sábà máa ń bà wọ́n jẹ́ lára ọ̀dọ́ ni àìsàn kan tí ń tẹ̀lé ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú ní kékeré. Ní ọdún 1960, Albert Starr tí í ṣe oníṣègùn àti Lowell Edwards tí í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ilẹ̀kùn àtọwọ́dá kan ní Amẹ́ríkà: bọ́ọ̀lù kékeré tí ń lọ sókè sódò nínú àgò irin. Ní ọdún 1974, Magdi Yacoub wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti Fabian Udekwu pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ṣe iṣẹ́ abẹ inú ọkàn ní Enugu, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti ẹnu, láti egbò ara tàbí láti ibi iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì fi ilẹ̀kùn ọkàn ṣe ilé. William Osler ti ṣàlàyé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1885, nígbà tí kò tíì sí ilẹ̀kùn àtọwọ́dá, tí kò sì sí oògùn tí ó lè wò ó. Láàárín ọdún 1940 sí 1949 ni pẹnisilíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ là. Ti ilẹ̀kùn àtọwọ́dá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn kòkòrò náà ń fi ohun yíyọ̀ bo ara wọn lórí irin, oògùn kì í sì tètè wọlé bá wọn.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọ̀nà méjì ni ó ṣe kókó. Èkíní ni pé kí a fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí a tó fún un lóògùn, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò títí kòkòrò yóò fi hù jáde. Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, èyí tí Edler àti Hertz bẹ̀rẹ̀ ní Lund, ní Sweden, ní ọdún 1953. Ní ọdún 1994, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà so méjèèjì pọ̀ nínú ìlànà kan. Ìtọ́jú rẹ̀ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì máa gba inú iṣan wọlé. Nígbà mìíràn, àfi kí a pààrọ̀ ilẹ̀kùn náà.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ jìnnà sí wa. Lẹ́yìn tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìlọrin ní ọdún 1975, oníṣègùn tí ń ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, ni olórí rẹ̀ kejì. Ní ọdún 1980 ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì náà dé. Ohun tí ó dínà láàárín ilé àti ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀. Ara ẹni tí ó ní ilẹ̀kùn àtọwọ́dá gbóná, àgbà ilé ní, “Ibà lásán ni.” Wọ́n se àgbo, wọ́n sì ra kápúsù díẹ̀ ní kẹ́míìsì. Kápúsù náà kò pa gbogbo kòkòrò. Ó kàn lé wọn sá pamọ́ ni. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dé inú ìgò, nǹkan kan kì í hù, oníṣègùn a sì máa wá ọ̀tá nínú òkùnkùn.

Èdè wa kò tòṣì. Àwa náà ni a ya ibà pọ́njú sọ́tọ̀ kúrò lára ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ẹ jẹ́ kí a fi ibà ilẹ̀kùn ọkàn kún wọn. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́ ará ilé rẹ̀ láti tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì wí pé: “Ilẹ̀kùn àtọwọ́dá wà nínú ọkàn rẹ̀; ẹ jọ̀wọ́, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fún un lóògùn.” Kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣègùn eyín pẹ̀lú, kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ni yóò dá ẹ̀mí sí.