Ta Ló Sọ Ẹja Kékeré Yìí Di Agbálẹ̀?

Èrò pé ó yẹ kí ẹ̀dá kan wà nínú àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja, tí yóò máa jẹ èéhù aláwọ̀ ewé, kì í ṣe tòní. Ní 1849, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ẹja aláwọ̀ wúrà méjì àti ewéko omi tí wọ́n ń pè ní Vallisneria sínú omi. Kò pẹ́ tí ewé tó ń jẹrà àti èéhù fi da omi náà rú. Ó kó ìṣáwùrú mélòó kan sí i, omi sì tòrò. Ibi tó wù mí jù nínú àkíyèsí rẹ̀ ni pé àwọn ìṣáwùrú yìí jẹun, wọ́n yé ẹyin, ẹja sì ń rí ẹyin náà jẹ. Àwọn ẹ̀dá tí ń bọ́ ara wọn ni Warington ń sọ̀rọ̀ wọn. Kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ ìmọ́tótó.

Nígbà tí Otocinclus wá gba ipò ìṣáwùrú nílé àwọn olùsìn ẹja, ìdajì ẹ̀kọ́ yìí, pé ẹ̀dá tó ń jẹ èéhù náà gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ jẹ, ti sọnù. Ẹja àrọ̀ tín-ín-rín láti àwọn odò Gúúsù Amẹ́ríkà ni, kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ewé àti òkúta bó ṣe ń jẹun. Àwọn onímọ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ láti 1871, ṣùgbọ́n àpótí ẹlẹ́wà tí Takashi Amano, olùtò ewéko inú àpótí ẹja, ṣe ní Japan wà lára ohun tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Wọ́n ń tà á bí agbálẹ̀, àní fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi sínú àpótí tuntun. Kí ni yóò jẹ níbẹ̀? Inú odò ni wọ́n ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọwọ́ púpọ̀ ni wọ́n sì ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ebi ti máa ń pa wọ́n kí wọ́n tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kú ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé àpótí Amano fúnra rẹ̀ fi hàn pé ẹja yìí mọ iṣẹ́ ìmọ́tótó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewéko kún àpótí rẹ̀, iná tó mọ́lẹ̀ gan-an ń tàn sí i, èéhù sì ń hù lójoojúmọ́: oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé bí a bá fún un ní kùkúńbà, yóò ya ọ̀lẹ. Ẹja tí ń jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kì í tìtorí ègé kùkúńbà kan fi gíláàsì sílẹ̀; èyí tó ti rù ni kì í lágbára láti jẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò: bó bá ti wọnú, ebi ń pa á, bó ti wù kí gíláàsì náà máa dán tó.