Owó Wẹ́wẹ́ Lásìkò Ogun: Ẹ̀rí láti Òṣogbo àti Iléṣà

Bí ogun bá dé, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ní í wọ́n. Owó wẹ́wẹ́ pàápàá a máa dàwátì lọ́jà. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàrin ọdún 1861 sí 1865, àwọn ènìyàn kó owó onírin pamọ́ débi pé ṣẹ́ńjì di ohun àwárí. Àwọn oníṣòwò bá ń rọ owó bàbà tiwọn, wọ́n ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn sí i lára, títí òfin fi dá wọn lẹ́kun ní 1864. Títí di òní ni àwọn tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń wá a kiri.

Irú ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní (1914–1918). Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo ní 1907, ìlú náà sì di ojúkò òwò fún Iléṣà àti àwọn ìlú àyíká. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba gbé àníní jáde. Mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan. Wọ́n dá ihò sí i láàrin kí ó lè ṣe é sín bí owó ẹyọ. Owó kéékèèké báyìí ni ẹ̀mí ọjà. Òun náà ni àwọn Òṣómàáàló, oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí ń tà láwìn, fi ń gba gbèsè wọn díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí fàdákà gbówó lórí, West African Currency Board, ìgbìmọ̀ owó tí a dá sílẹ̀ ní 1912, tẹ owó bébà ní 1916. Ti ṣílè kan tẹ̀ lé e ní 1918. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ ẹ. Òjò lè bà á jẹ́, ikán lè jẹ ẹ́, kò sì ṣe é bò mọ́lẹ̀. Níbi púpọ̀, wọn kò gbà á ní iye tí a kọ sí i lára. Ní 1920 ni owó idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ti fàdákà.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń ṣa owó àtijọ́ jọ ṣọ́ra. Irin a máa pẹ́, bébà kì í pẹ́. Àpótí lè kún fún idẹ láìní bébà kan, bẹ́ẹ̀ bébà náà ni àwọn ọlọ́jà bá jìjàkadì. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ṣílè fàdákà ti 1913 sẹ́gbẹ̀ẹ́ onídẹ ti 1920, yóò fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ogun ṣe sí ọjà. Kí a tó kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún asúdẹ láti yọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ka ọdún tí ó wà lára rẹ̀.